Àmì Pupa Abẹ́ Bóòtì

Ọkùnrin kan wà nílùú kan lójú ọ̀nà Ṣakí tí kì í fọkàn tán ẹnikẹ́ni. Bàbá rẹ̀ fi mọ́tò àtijọ́ kan sílẹ̀ fún un, irú èyí tí wọ́n ń pè ní ìjàpá, tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí rogodo. Wọ́n ti ra mọ́tò náà kí wọ́n tó bí ìwọ Ọ̀jẹ́wùmí. Mo mọ ọkùnrin náà, mo sì mọ mọ́tò náà. Èmi tí mo fi ilé ìwé sílẹ̀ ní kíláàsì kẹta, mo ti wọ mọ́tò dé Kúmásì, mo ti wọ̀ ọ́ dé ibi tí iyanrìn ti bo títì mọ́lẹ̀, kò sí ìró ẹ́ńjìnnì tí etí mi ò mọ̀. Má wò mí bí ẹni tó ń parọ́. Jókòó. Àbúrò rẹ tí o fẹ́ lé kúrò nínú ilé bàbá yín lọ́la ò níí sá lọ kí n tó sọ̀rọ̀ tán.

Wọn ò ṣe irú mọ́tò yẹn mọ́. Ọkùnrin náà gbọ́ pé àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ a máa yọ ojúlówó nǹkan lára mọ́tò àtijọ́, wọ́n á fi ayédèrú rọ́pò rẹ̀. Ó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí kò ní mọ́tò, ó sì gbà á gbọ́. Ó ra ọ̀dà pupa, agolo kékeré kan. Lọ́jọ́ Àìkú kan, ó ti géètì, ó tú gbogbo ohun tó ṣeé tú lára mọ́tò náà, ó ń fi àmì sí wọn níkọ̀ọ̀kan. Ó kun gílóòbù, ó kun wáyà, ó kun bóòtì àti ìdí bóòtì. Ó dè wọ́n padà. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá pààrọ̀ nǹkan tó kéré bí orí abẹ́rẹ́, òun á mọ̀.

Rìwáyà kan wà nílùú náà, òun ló ń tún wáyà mọ́tò yẹn ṣe láti ayé bàbá ọkùnrin yìí. Abẹ́ igi ẹmì kan ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀lé e, ọkùnrin náà gbé mọ́tò wá kí rìwáyà bá òun wo fèrè rẹ̀. Ó wò ó, fèrè dún, wọ́n dágbére.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ilẹ̀ ṣú bá ọkùnrin náà lọ́nà, ó tan iná iwájú fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́sẹ̀ náà: ó ń ṣe bàìbàì, ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí ojú ẹni tí ibà ń ṣe. Bí ọkùnrin náà bá tẹ fèrè, iná náà á fẹ́ kú, á tún jí. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, díẹ̀ ló kù kó kọ lu màlúù.

Ó yọ gílóòbù wò. Àmì pupa wà lára rẹ̀. Ó wo wáyà, àmì pupa wà lára rẹ̀. Ìwọ á ní ọkàn rẹ̀ á balẹ̀. Rárá o. Ó ní rìwáyà náà ti lọ ra ọ̀dà pupa tirẹ̀, ó sì fi kun ayédèrú tó fi rọ́pò.

Kò lọ bá rìwáyà. Kò bi í léèrè. Ọ̀dọ̀ alága ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ ló lọ tààrà. Òfin wọn le: ẹni tí wọ́n bá mú pé ó pààrọ̀ ohun ọlọ́kọ̀, wọ́n á gba sípánà rẹ̀ níwájú gbogbo ẹgbẹ́, kò sì ní fọwọ́ kan mọ́tò mọ́ nílùú yẹn. Wọ́n dá ọjọ́ Àbámẹ́ta. Kí ọjọ́ náà tó pé, ọ̀rọ̀ ti tàn. Àwọn tí ń fi ọkọ̀ sílẹ̀ lábẹ́ igi ẹmì lọ sóko tẹ́lẹ̀, wọ́n wá ń dúró ti rìwáyà, ojú wọn ò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sí ẹni tó bú u. Wọ́n kàn ń wò ó.

Ọjọ́ pé. Mo wà níbẹ̀, orí táyà ni mo jókòó sí, wọ́n sì ṣí àyè fún mi nítorí wọ́n mọ ẹni tí mo jẹ́. Alága ní kí rìwáyà wí tẹnu rẹ̀. Ó ní òun ò ní àlàyé kankan, kí wọ́n ṣáà jẹ́ kí òun rí iná náà, torí kò tíì sẹ́ni tó fi han òun.

Ọkùnrin náà ní, "Ẹ ṣọ́ ọwọ́ ẹ̀ o. Ọwọ́ ẹ̀ yá ju ti ọ̀bọ lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Rìwáyà bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn, kí wọ́n má baà sọ pé ó kó nǹkan sínú apá rẹ̀. Ó ní kí wọ́n tan iná náà, ó mú wáyà gígùn kan. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì mọ́tò yẹn ń gbé. Ó fi ẹnu kìíní wáyà náà kan orí bátìrì, ó fà á títí dé iwájú, ó fi ẹnu kejì kan ìdí iná. Iná náà là yẹ̀ẹ̀, lọ́sàn-án gangan, tó bẹ́ẹ̀ tí alága fi fọwọ́ bojú.

Bó ṣe rí nìyí. Iná mọ́tò kì í lọ kó má bọ̀. Ó máa gba inú wáyà lọ sí gílóòbù, ó máa gba ara irin mọ́tò padà sílé, sọ́dọ̀ bátìrì. Ibi tí wáyà dúdú kan ti fara kan irin, tí wọ́n fi bóòtì dè é mọ́ ọn, ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó ń gbà wọlé. Wọ́n ń pè é ní áàtì. Iná àti fèrè ló jọ ń lò ó. Tí nǹkan bá dí i, iná kò ní rọ́nà, bí gílóòbù ìbáà jẹ́ ojúlówó.

Rìwáyà tú bóòtì ibẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ pupa. Irin tó wà lábẹ́ wáyà náà pupa, ọ̀dà ti gbẹ lé e bí èèpo. Ó gbé bóòtì náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e lọ síwájú alága.

"Alága, ẹ bá mi bi bàbá yìí. Ọ̀dà ta nìyí?"

Ọkùnrin náà wò ó. Ó mọ ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní, "Èmi ni. Kí wọ́n má baà jí i ni."

Ẹnìkan béèrè láti ẹ̀yìn pé ta ló fẹ́ jí bóòtì. Wọ́n tún rẹ́rìn-ín. Rìwáyà ò bá wọn rín in. Ó mú sáńdípépà, ó ha irin náà títí ó fi ń dán, ó dè é padà. Wọ́n tẹ fèrè, iná ò mì. Ọkùnrin náà na ọwọ́, ó ní kó má bínú, kí àwọn máa bá a lọ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Rìwáyà ní, "Bàbá, mo ti fi sáńdípépà ha ti bóòtì. Èwo ni kí n fi ha ti orúkọ mi?"

Wọn ò gba sípánà rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kó o, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún yẹn ó ti wà ní Ìgbòho. Gbogbo rìwáyà tí ọkùnrin náà pè lẹ́yìn ìyẹn ló ń sọ pé ọwọ́ àwọn dí. Mo kọjá níbẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn tó kọjá. Adìyẹ ń yé sínú mọ́tò náà. Ohun gbogbo ṣì pé lára rẹ̀, àmì pupa sì wà lára gbogbo wọn.

Ọ̀jẹ́wùmí, o ní àbúrò rẹ kò bá ọ sọ̀rọ̀ mọ́, o ní ìyẹn ló jẹ́ kó dá ọ lójú pé òun ló ń bu epo rẹ. Mo rí kẹ́ẹ̀gì epo náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bí mo ṣe ń wọlé. Mo rí ìlà èédú tí o fà sí i lára láti fi mọ ibi tí epo dé. Òun náà ń rí i láràárọ̀ tó bá ń jáde. O ti fi ọwọ́ ara rẹ kun ibi tó yẹ kí ẹ ti máa fara kanra, o wá ń bi mí pé kí ló dé tí iná fi ṣú. Má pe ẹbí jọ lọ́la láti lé e. Bu omi, mú ọṣẹ, kí o lọ fọ ìlà yẹn kúrò. Kí o sì dúró kí àbúrò rẹ dé, kó rí ọ níbi tí o ti ń fọ̀ ọ́.