Ìdí Tí Ìgbín Fi Ń Fi Òógùn Ya Ọ̀nà Rẹ̀ Sílẹ̀

Àṣàbí tó jẹ́ ìyá bàbá wa ni ó kọ́kọ́ sọ ìtàn yìí nínú ilé wa, ní ọdún tí wọ́n ṣí koríko kúrò lórí ilé tí wọ́n fi páànù kàn án, ní ọjọ́ kejì tí iṣu tuntun wọlé. Ènìyàn mẹ́ta tó gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ ni mo bi léèrè kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn ṣọ̀kan, àfi lórí iye ọmọ tí Àparò bí. Ẹnì kan ní márùn-ún ni, àwọn méjì yòókù ní mẹ́fà. Mẹ́fà ni mo gbà.

Ohun tó mú mi kọ ọ́ nísinsìnyí ni pé àwọn ọmọ ilé wa ń jiyàn lórí máàpù tó yẹ kí wọ́n máa lò lórí fóònù. Ṣé èyí tí ilé-iṣẹ́ ńlá kan ni ín ni, àbí èyí tí àwọn ènìyàn fúnra wọn ń yà, tí ẹnikẹ́ni tó bá rí àṣìṣe níbẹ̀ lè tún un ṣe? Mi ò dá sí i. Mo ní kí wọ́n jókòó, kí wọ́n gbọ́ ti Ìgbín.

Nígbà láéláé, nígbà tí igbó ṣì pọ̀ ju oko lọ, Ìgbín kì í fa ìlà kankan sílẹ̀ bí ó bá ń lọ. Abẹ́ ikùn rẹ̀ gbẹ táútáú. Orí rẹ̀ kì í sì í wọ inú ìkarahun, àfi bí oorun bá ń kùn ún. Ṣe ni ó ń gbé ìwo rẹ̀ sókè kiri bí ẹni tí kò ní ohun kan tí ó ń tijú fún.

Ó ní ìdí tí ó fi ń ṣe bẹ́ẹ̀. Òun ni àwọn ẹranko fi ìtọ́jú oríta sí lọ́wọ́.

Láyé ìgbà náà, bí ọ̀nà bá pín sí méjì, ẹni tó bá kọ́kọ́ kọjá á já ewé tútù, á fi dí ọ̀nà tí kò yẹ kí ará ẹ̀yìn gbà. Ṣùgbọ́n ewé a máa rọ, atẹ́gùn a sì máa gbé e lọ. Nítorí náà ni Ìgbín ṣe ń jí ní kùtùkùtù, tí ó ń ti oríta kan bọ́ sí èkejì, tí ó ń kó ewé gbígbẹ kúrò, tí ó ń fi tútù rọ́pò rẹ̀. Oríta méje ni. Bí ó bá ṣe àṣìṣe níbì kan, ẹni tó bá rí i á gbé ewé náà síbi tó yẹ, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó ń sọ pé òun ló ni ewé oríta.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kan, Àwòdì dé láti apá òkè, ó bà lé orí igi àràbà kan. Ó rí Ìgbín tí ó ń wọ́ ewé lọ nísàlẹ̀.

"Bàbá Ìgbín, ẹ kú iṣẹ́ o. Kí lẹ ń fi ewé ṣe?"

"Ọ̀nà odò ni mò ń tọ́jú."

Àwòdì rẹ́rìn-ín. "Ewé tí Ẹtu lè jẹ kí ẹ tó yíjú padà? Ẹ wò ó, òkè ni mo wà. Mo rí ibi tí igi wó sí, mo rí ibi tí ẹrẹ̀ wà. Kí ẹni tó bá ń lọ síbì kan sáà pè mí, màá sọ ọ̀nà fún un."

"Kí lo máa gbà lọ́wọ́ wa?"

"Mi ò gba nǹkan kan. Kí wọ́n kàn sọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ibi tí wọ́n ń lọ, àti iye àwọn tó tẹ̀ lé wọn."

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan ni, Bàbá. Ṣé ọ̀rọ̀ ẹnu wá ń wúwo ni?"

Ó dùn mọ́ Ìgbín nínú, nítorí pé ẹ̀yìn ń ro ó. Lọ́jọ́ náà gan-an ni ó bi Àwòdì ní ọ̀nà ibi tí ewé kókò wà, Àwòdì sọ fún un, ó sì débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ìgbín bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn káàkiri. Ọ̀kẹ́rẹ́ bi Àwòdì, ó rí ibi tó ń wá. Ẹtu náà bi í, ó rí tirẹ̀. Kí á má parọ́ mọ́ ọn, Àwòdì mọ ọ̀nà.

Kí oṣù kan tó pé, ewé ti jẹrà ní oríta méjèèje. Ìgbín kò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Koríko bo ojú ọ̀nà, Ìgbín pàápàá kò sì rántí mọ́ èwo ló lọ síbo.

Àparò nìkan ni kò pe Àwòdì rí. Aládùúgbò Ìgbín ni, ẹ̀bá ahéré àtijọ́ kan ni ó yé ẹyin rẹ̀ sí. Ẹyin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, ọmọ mẹ́fà ni. Ọ̀nà kan tó gba àárín koríko gíga ni ó ń mú wọn gbà lọ mu omi ní odò.

"Àparò, kí ló dé tí o kì í bi Àwòdì ní ọ̀nà?" Ìgbín bi í lọ́jọ́ kan.

"Bàbá, ó ní kí èèyàn máa ka àwọn tó tẹ̀ lé e fún òun. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ọlọ́mọ gan-an kì í ka tirẹ̀ fún àjèjì."

"Ojú tìrẹ ni kò tíì là."

"Ó là tó èyí tí mo fi ń rí ibi tí mò ń tẹ̀, Bàbá."

Kò pẹ́ sí i ni igi ńlá kan wó, ó sì dí ọ̀nà inú koríko náà pátápátá. Àparò tọ Ìgbín lọ. "Bàbá, ẹ̀yin lẹ tọ́jú oríta. Ọ̀nà wo ni mo tún lè mú àwọn ọmọ yìí gbà dé odò?"

Ìgbín wo ibi tí oríta wà tẹ́lẹ̀, koríko ti bò ó. Kò mọ̀ ọ́n mọ́. Ojú tì í láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí ó ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Dúró dè mí níhìn-ín, mo ń bọ̀." Ó gba ẹ̀yìn ahéré yọ́ lọ sí ìdí àràbà.

"Ọ̀nà odò láti ẹ̀bá ahéré," ni ó wí jẹ́jẹ́.

"Ta ló ń lọ?" ni Àwòdì bi í.

"Àparò."

"Mélòó ló tẹ̀ lé e?"

Ìgbín yíjú wo ẹ̀yìn. Ọ̀rọ̀ tí Àparò sọ ń bọ̀ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó gbé e mì. "Mẹ́fà."

"Ìgbà wo ni wọ́n máa gbéra?"

"Lọ́la, bí ìrì bá gbẹ."

"Kí wọ́n gba orí àpáta. Kò sí igi tó wó síbẹ̀."

Ìgbín padà, ó gbé ìwo rẹ̀ sókè. "Gba orí àpáta lọ́la."

"Ó dá yín lójú, Bàbá? Ibẹ̀ ò ní koríko."

"Ṣé ọmọ àná ni mí ni? Oríta méje ni mo tọ́jú."

Lọ́jọ́ kejì, bí ìrì ti gbẹ, Àparò kó àwọn ọmọ rẹ̀ gba orí àpáta. Ibẹ̀ tẹ́jú, ó sì mọ́ lóló. Kò sí ewé tí ọmọ ẹyẹ lè sá sí abẹ́ rẹ̀. Òjìji kan kọjá lórí wọn lẹ́ẹ̀kan, ó tún padà lẹ́ẹ̀kejì. Àparò kò dé odò mọ́. Nígbà tí ó sá padà dé ẹ̀bá ahéré, mẹ́rin ló tẹ̀ lé e.

Ó pe gbogbo àwọn ẹranko jọ sí ìdí àràbà. Kò pariwo.

"Èmi kò sọ ọ̀nà mi fún Àwòdì rí," ni ó wí. "Ta ló sọ ọ́?"

Ẹtu ní òun kọ́. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun kọ́, ó tún búra mọ́ ọn. Ìgbín ń wo ilẹ̀.

Àwòdì dáhùn láti òkè, ohùn rẹ̀ tutù bí ẹni tí wọ́n bi ní ọ̀nà. "Ẹ má da ara yín láàmú. Bàbá Ìgbín ni. Mo bi í, ó dá mi lóhùn. Ọ̀nà tí mo sọ fún un, ọ̀nà odò ni. Mi ò tan ẹnikẹ́ni jẹ."

Gbogbo wọn yíjú sí Ìgbín.

"Áà, Bàbá olóríta," ni Ọ̀kẹ́rẹ́ wí. "Ẹ ò wulẹ̀ gbé wọn lọ bá a lórí igi."

Àparò sún mọ́ ọn. "Ṣé ẹ kà wọ́n fún un?"

Ìgbín wo àwọn ọmọ mẹ́rin náà. Ìwo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sún kì. Ọrùn rẹ̀ tẹ̀ lé e, orí rẹ̀ náà tẹ̀ lé e, ó di pé ìkarahun nìkan ni wọ́n ń wò. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi wà nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ mẹ́ta náà, kò sí ẹni tó jẹ́ pe Àwòdì. Ẹtu ní ẹsẹ̀, ó ń fò kọjá igi tó wó náà lọ mu omi. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń ti orí igi dé orí igi. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ Àparò kò lè fò, wọn kò lè gun igi, wọn kò sì lè tẹ orí àpáta mọ́. Ìrì ara ewé ni wọ́n ń lá, ìrì náà sì ń dín kù lójoojúmọ́. Ìgbín ń gbọ́ igbe wọn láti inú ìkarahun. Lọ́jọ́ kìíní, ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń gbọ́. Lọ́jọ́ kẹta, ohùn kan péré ló ń gbọ́, ìyẹn náà kò sì le mọ́; àwọn mẹ́ta yòókù kò lókun láti ké mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó yọ orí.

"Èmi ni mo kà wọ́n," ni ó wí fún Àparò. "Mi ò mọ ọ̀nà mọ́. Ojú tì mí láti sọ fún ọ, ni mo bá lọ bi í."

"Ìbá sàn kí ẹ sọ pé ẹ ò mọ̀."

"Ìbá sàn."

Bí ó ti ń sọ̀rọ̀ ni ìtìjú ń mú un gidigidi. Òógùn bò ó láti orí dé ìdí, òógùn tó ki bí omi ilá. Ó ń nu ún mọ́ ewé, kò tán. Ó dojú kọ abẹ́ igbó, níbi tí igi ti dí ojú ọ̀run, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá odò. Ibi tó bá gbà, òógùn náà á fa ìlà sílẹ̀, á sì máa dán.

Ọ̀kẹ́rẹ́ ń wò ó láti orí ẹ̀ka. "Èyí tí a ó bá lójú ọ̀nà lọ́dún tó ń bọ̀ rèé. Àwòdì á ti sọ ọ́ tán látàárọ̀."

"Mo mọ̀," ni Ìgbín wí. "Èyí kò yá bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní bi ẹnikẹ́ni pé mélòó ló tẹ̀ lé e."

Ó rìn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Níbẹ̀ ni Èèrà bá a, òun àti ìdílé rẹ̀. Èèrà fi ìwo kéékèèké rẹ̀ kan ìlà náà, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó tọ̀ ọ́ padà sẹ́yìn díẹ̀.

"Bàbá Ìgbín, ẹ ṣì í níbí yìí. Ọ̀tún ló yẹ kí ẹ yà sí. Ibi tí ẹ yà sí yìí, inú ihò òkété ni ó lọ."

Ìgbà kan wà tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ìbá bí Ìgbín nínú. "Ẹ bá mi tún un ṣe, Ìyá Èèrà," ni ó wí. "Kì í ṣe tèmi."

Èèrà to àwọn ọmọ rẹ̀ sí ọ̀tún, ọ̀kan tẹ̀ lé èkejì. Ẹtu gbọ́, ó wá fi pátákò tẹ koríko sílẹ̀ lójú ìlà náà. Ọ̀kẹ́rẹ́ sọ̀ kalẹ̀ níkẹyìn, ó fi eyín gé okùn igbó tó dí ibì kan. Kò sọ pé òun bínú, kò sọ pé òun ò bínú. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìgbín tún tẹ̀ síwájú. Nígbà tí oòrùn dé àtàrí, ìlà náà kan etí odò.

Àparò tẹ̀ lé ìlà náà lábẹ́ igbó pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀. Òjìji kankan kò kọjá lórí wọn. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ki ẹnu bọ omi, wọ́n sì mu ún pẹ́.

Ìgbín dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta kan, ó ń retí ohun tí Àparò máa wí.

"Bàbá Ìgbín," ni Àparò wí, "mo rí ìlà yín."

Kò dúpẹ́, kò sì bú u. Ó fi ìyẹ́ apá rẹ̀ kan Ìgbín nígbà tí ó ń kó àwọn ọmọ rẹ̀ kọjá. Bí ó ti kàn án báyìí ni orí Ìgbín wọlé.

Láti ọjọ́ náà ni òógùn ìtìjú kò ti gbẹ lára Ìgbín mọ́, tí ó sì ń fa ìlà tó ń dán sílẹ̀ níbikíbi tó bá gbà, kí ẹni tó bá fẹ́ lè tọ̀ ọ́. Láti ọjọ́ náà ni Èèrà ti ń tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́, tí wọ́n ń dúró kan ara wọn lórí bí wọ́n bá pàdé, kí ẹni tó ń bọ̀ lè sọ ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ fún ẹni tó ń lọ. Láti ọjọ́ náà sì ni Ìgbín kì í ti í dúró wo ojú ẹni tó bá fọwọ́ kàn án. Bí ọwọ́ bá ti bà á, á sún kì, á wọlé.

Àṣàbí sọ ọjọ́ náà: ọjọ́ karùn-ún tí Àparò sá dé láti orí àpáta, ọjọ́ kejìlá tí oṣù lé, ní ọ̀sán gangan.