Ìjímèrè Fi Èédú Pa Ewú Rẹ́

Àlọ́ o!
Àlọ̀ọ̀!

Ní ìgbà kan rí, Ìjímèrè darúgbó nínú igbó. Orí rẹ̀ funfun bí òwú. Ìyàwó rẹ̀ ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ sì ti rí igi tó dára ju tirẹ̀ lọ. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá ṣe àáró tán lóko, oúnjẹ arúgbó ni wọ́n ń kọ́kọ́ bù. Ẹni tó bá gbé e wá á ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o," á sì sáré padà sídìí àwo. Ìjímèrè á wá máa kí iyán. Iyán kò ní dáhùn.

Ó ń gbọ́ ẹ̀rín wọn lókèèrè. Lọ́jọ́ kan ó ní, "Kí ló dé tí n kò fi ní jẹ tàgbà, kí n tún jẹ tọmọdé?"

Ó gún èédú ìdí ààrò kúnná. Ó se èèpo àlùbọ́sà títí omi rẹ̀ fi ṣú. Ó fi àdín pò wọ́n, ó fi kun orí. Ó wo inú ìkòkò omi, ó rí ọ̀dọ́ kan tí kò mọ̀ rí. Ó kí i.

Ó dé oko. "Ẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ o! Àlejò ni mí."

Ẹtu, olórí wọn, wò ó. "Gba ọkọ́."

Ó roko títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi ń ké. Iyán dé, ọ̀bẹ̀ ń ta sánsán. Ìjímèrè fọwọ́. Ẹtu ní, "Àbúrò, ìwọ lo dé kẹ́yìn. Gbé ti Bàbá Ìjímèrè lọ fún un."

"Ti... ta ni?"

"Bàbá olórí funfun ìdí ìrókò. Má sáré bọ̀ bíi tàwọn wọ̀nyí o. Jókòó tì í títí á fi jẹun tán. Ó ń dá wà."

Òkété ní, "Bó bá fi lè bẹ̀rẹ̀ ìtàn, o gbé!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ìjímèrè náà rẹ́rìn-ín. Kí ni ì bá ṣe?

Ó gbé iyán ara rẹ̀ lọ sílé ara rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o." Ó jókòó ti ara rẹ̀ títí ara rẹ̀ fi jẹun tán. Iyán tí wọ́n ń gbé wá bá a lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Òní ló wá roko kó tó rí i jẹ.

Nígbà tó fi padà, wọ́n ti fọ àwo.

"Bàbá ńkọ́?" ni Ẹtu bi í.

Ara Ìjímèrè kò gbà á mọ́. "Èmi gan-an ni Bàbá!"

"Bàbá wo ló ní orí dúdú bí ìdí ìkòkò?"

Ó sáré lọ sódò. Ó fọ̀, ó fọ̀. Àdín kò jẹ́ kí omi ràn án. Ó padà wá, omi ń kán lára rẹ̀, orí rẹ̀ sì dúdú síbẹ̀.

Ẹtu ní, "Àwàdà ti tó. Ìwọ ni wàá máa gbé oúnjẹ Bàbá lọ láti òní. Ó jọ pé ìwọ àti Bàbá mọwọ́ ara yín."

Ìdí àlọ́ mi rèé: ẹni tó bá fẹ́ jẹ tàgbà mọ́ tọmọdé, òun nìkan ni yóò dá a jẹ. Ẹ̀yin ọmọ tí à ń rán lọ gbé oúnjẹ fún arúgbó, ẹ máa jókòó díẹ̀.