Abọ́ Mẹ́rin Láti Ara Igi Mángòrò

"Igi tí kò tíì sunkún tán, a kì í fi gbẹ́ abọ́." Bí ẹ bá lo ọ̀sẹ̀ kan péré ní ìlú wa, Ìdí-Òmọ̀, ẹ ó gbọ́ òwe yìí. Ṣé ẹ mọ ìdí rẹ̀? Ẹ má wulẹ̀ ronú lọ sí ayé àwọn baba ńlá wa. Òwe náà kò tíì pé ogún ọdún, mo sì mọ àwọn tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀ sí.

Lámídì gbẹ́nàgbẹ́nà ló kó iṣẹ́ abọ́ igi bọ̀ láti ilẹ̀ Kòríà. Iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ló bá débẹ̀, àmọ́ ọ̀dọ̀ bàbá arúgbó kan tó ń gbẹ́ abọ́ ló ti ń lo gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Abọ́ mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń gbẹ́ níbẹ̀, tí wọ́n á wọnú ara wọn wẹ́kú, tí wọ́n á sì fi oje igi kùn wọ́n léraléra kí ọbẹ̀ má bàa rin wọ́n.

Nígbà tí ìyá Mopélọ́lá àti Ìbídùn kú, ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín tẹ̀gbọ́n-tàbúrò. Mopélọ́lá, ẹ̀gbọ́n, ló tọ́jú ìyá wọn fún oṣù mẹ́ta tó fi ṣàìsàn, kò sì ránṣẹ́ sí Ìbídùn ní Kánò. Òkú ìyá ni Ìbídùn wá bá nílé. Láti ọjọ́ náà ni kò ti fọwọ́ kan oúnjẹ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Bàbá Oyèlẹ́yẹ, àbúrò ìyá wọn, èèyàn dáadáa ni, sùúrù nìkan ni kò ní. Ó ní dandan ni kí ìjà náà parí lọ́jọ́ tí òkú bá pé ogójì ọjọ́. Ó gé igi mángòrò tí ìyá gbìn sẹ́yìnkùlé, ó kó o tọ Lámídì lọ.

"Abọ́ rẹ yẹn ni mo fẹ́. Inú rẹ̀ ni àwọn méjèèjì á ti jọ jẹun."

"Bàbá, igi yìí tutù. Oje ṣì ń jáde lára rẹ̀, ó ṣì ń sunkún. Ẹ fún mi ní ọdún méjì."

"Ọdún méjì kẹ̀? Ṣé kí èmi náà lè ti kú ni? Ṣáà gbẹ́ ẹ."

Ojú àgbà ń ti Lámídì, ló bá gbà.

Nígbà tí ọjọ́ pé, ẹbí pé jọ, wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀ sínú abọ́ tuntun. Ìbídùn ní òun fẹ́ bi ẹ̀gbọ́n òun ní ìbéèrè kan, omi sì lé ròrò sí i lójú. Bàbá Oyèlẹ́yẹ dá a dúró. "Ó tó. A kì í sunkún nídìí oúnjẹ." Wọ́n jẹun, ẹbí pàtẹ́wọ́, kálukú gba ilé rẹ̀ lọ.

Kò pé oṣù kan tí àwọn abọ́ náà fi lọ́. Èyí tó kéré jù kò wọnú èkejì mọ́, èyí tó tóbi jù sì là láti etí dé ìdí. Ìbídùn ti padà sí Kánò nígbà yẹn, kò sì gbé ìpè ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mọ́.

Ìtìjú bá Lámídì. Ó to ìyókù igi náà síbi tí oòrùn kò dé ní ìsọ̀ rẹ̀, ó sì ránṣẹ́ sí àwọn méjèèjì pé igi ìyá wọn ṣì ń bẹ. Mopélọ́lá a máa yà fọwọ́ kàn án. Bí Ìbídùn bá wálé, òun náà á yà, kò sì ní í dé ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà ọyẹ́ ọdún kẹta, wọ́n pàdé níbẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀.

Ìbídùn béèrè ìbéèrè rẹ̀ níkẹyìn. "Kí ló dé tí ẹ ò pè mí?"

Mopélọ́lá gbé ọwọ́ lé igi náà. "Ojoojúmọ́ ni mò ń sọ pé ara ìyá wa á yá lọ́la. Bí mo bá pè ọ́, á jẹ́ pé mo ti gbà pé wọ́n ń kú lọ. Mo ṣẹ̀ ọ́, Ìbídùn. Má bínú."

Ìbídùn jókòó sórí igi náà, ó sunkún títí. Lámídì gbé ayùn sílẹ̀, kò sọ pé ó tó. Ìgbà tó sunkún tán ni Lámídì fi ìka kan igi náà kó-kó-kó, tó ní, "Ó ti gbẹ."

Abọ́ mẹ́rin tuntun tó fi igi náà gbẹ́ ń bẹ nílé Mopélọ́lá títí dòní. Mo ti bá tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà jẹun nínú wọn, wọ́n ṣì ń wọnú ara wọn.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ń kánjú parí ìjà nígbà tí ẹni tí ọ̀rọ̀ ń dùn kò tíì sọ ohun tó ń dùn ún, àwọn àgbà wa á ní, igi tí kò tíì sunkún tán, a kì í fi gbẹ́ abọ́. Bàbá Oyèlẹ́yẹ ló sì ń pa á jù. Bó bá ti pa á tán, á yí sí ẹni tí inú ń bí, á ní, "Ó yá, sọ̀rọ̀. Mo jókòó."