Okùn Gàárì Rábíù

"Ẹni tó gẹṣin, ilẹ̀ ló ń bọ̀."

Bàbá Àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ Iléyá, bí Rábíù ọmọ ọmọ rẹ̀ ṣe fẹ́ gẹṣin ìdílé lọ kí ọba. Rábíù fajú ro.

"Bàbá, ẹ má ṣépè fún mi lónìí."

"Èpè kọ́. Bí a bá ń di gàárì, ikùn ẹṣin a máa wú. Bó bá mí jáde tán, okùn á dẹ̀. Tún un yẹ̀ wò."

Rábíù ká aṣọ ọ̀ṣọ́ ara ẹṣin sókè. Okùn ti dẹ̀ lóòótọ́. Ó fà á le.

Lójúde ọba, ìbọn ìkíni dún gbàù, ẹṣin ta gìrì sókè, àmọ́ gàárì kò yẹ̀.

Nígbà tó délé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ilẹ̀ náà ni mo bọ̀, àmọ́ ẹsẹ̀ ni mo fi sọ̀, mi ò forí sọlẹ̀."