Atukọ̀ Tó Ń Kọ Ìrìn Èrò Sílẹ̀

Atukọ̀ kan wà létí ọ̀sà tí kì í rẹ́ èrò jẹ. Ó fẹ́ mọ ibi tí àwọn èèyàn ń lọ jù, kí ó lè fi ọkọ̀ kún ọkọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ó ra ìwé kan, ó ń kọ orúkọ ẹni tó bá wọkọ̀, ọjọ́ tó wọ̀ ọ́, àti ibi tó sọ̀ sí. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò gbèrò ibi. Ó ṣáà rò pé kò kàn wọ́n ni.

Ìyá Mojírádé wà lára àwọn èrò náà. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ló ń rékọjá lọ wo ọmọbìnrin rẹ̀ ní ilé ìwòsàn oníkọ́ ife. Ìdílé kan ti tọrọ ọmọ náà fún ìgbéyàwó. Ìyá rẹ̀ sì ti pinnu pé bí ara ọmọ náà bá yá tán, òun fúnra òun ni yóò sọ ọ̀rọ̀ àìsàn náà fún àwọn àna.

Lọ́jọ́ kan, atukọ̀ fẹ́ ṣe dáadáa. Ó ní, “Ìyá, Ọjọ́bọ̀ kẹsàn-án rèé tí ẹ ń sọ̀ ní ilé ìwòsàn oníkọ́ ife. Ara aláìsàn yín ńkọ́?”

Ìyá ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ náà wà nínú ọkọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, Ìyá Mojírádé kò wá. Atukọ̀ dúró títí èrò fi ń kùn. Ó tukọ̀ lọ, ó tukọ̀ bọ̀, ara rẹ̀ kò balẹ̀. Nígbà tó dé, ó lọ sílé obìnrin náà.

“Ìyá, kí ni mo ṣe? Mò ń kọ ibi tí èrò ń sọ̀ sí sínú ìwé kan ni, àmọ́ mi ò fi í han ẹnikẹ́ni.”

“Àwọn àna ti wá láná, wọ́n ní àwọn ò ṣe ìgbéyàwó náà mọ́. Ká ní o ti sọ fún mi ní èbúté pé ò ń kọ mí sílẹ̀, ǹ bá mọ èyí tí ǹ bá ṣe.”

Atukọ̀ kò lè jókòó. Ó sáré padà sí èbúté, ó dúró níwájú àwọn èrò. “Ẹ gbọ́ o. Mo ń kọ orúkọ yín àti ibi tí ẹ ń lọ sílẹ̀, kí n lè mọ ibi tó yẹ kí n fi ọkọ̀ sí. Ẹni tí kò bá fẹ́, kó wí. Màá gbé e bákan náà.”

Ẹni mẹ́rin ní àwọn kò fẹ́. Ọ̀kan bínú, ó sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Mojírádé kò padà wá. Ẹsẹ̀ ló fi ń yí ọ̀sà ká.

Ìwọ tí ò ń ṣe áàpù sórí fóònù àwọn èèyàn, ìwọ ni mò ń bá wí. O sọ pé ibi tí wọ́n tẹ̀ àti ìgbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ nìkan lo ń kó jọ, kí iṣẹ́ lè dára. Ó lè jẹ́ òótọ́. Sọ fún wọn ná, kí wọ́n tó wọlé, ní èdè tí wọ́n gbọ́. Má fi í pamọ́ sísàlẹ̀ ìwé gígùn tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Àwọn kan yóò kọ̀. Jẹ́ kí wọ́n kọ̀, kí o sì jẹ́ kí wọ́n máa lo áàpù náà lọ. Ẹnì kan ń ṣí áàpù rẹ lọ́wọ́ báyìí, kò sì mọ̀ pé ò ń wo òun.