Ojú Odi Tí Ìjòyè Méjì Fi Sílẹ̀

Ọ̀tún Látúndé àti Òsì Ogúndípẹ̀ ni ìjòyè tó lágbára jù ní Ìgbórò, láyé ìgbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ń sin Ìgbórò. Odi ìlú náà ga tó bẹ́ẹ̀ tí ogun fi máa ń wò ó lókèèrè, tí yóò sì padà sílé. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àwọn ará ìlú a máa fi ẹrẹ̀ rẹ́ ẹ. Àdúgbò Ọ̀tún a rẹ́ tiwọn dé ìdí igi òṣè kan, àdúgbò Òsì a sì bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀.

Ìjì wó igi òṣè náà, ojú ààlà sì pòórá. Ọ̀tún ní ti Òsì ni ibẹ̀. Òsì ní ti Ọ̀tún ni. Ọ̀rẹ́ ìgbà èwe ni wọ́n o, ṣùgbọ́n oyè ti kó sí wọn lórí. Lójú wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ gbé ẹrẹ̀ débẹ̀ ti gbà pé ẹnì kejì ju òun lọ. Bí wọ́n ṣe fi àárín sílẹ̀ fún òjò nìyẹn.

Ọdún ń gorí ọdún, ibẹ̀ sì là. Lọ́jọ́ kan, Àwẹ̀ró, ìyàwó Ọ̀tún, rí aláǹgbá kan tó wọ inú rẹ̀ lọ.

“Baálé mi, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dí i. Ṣé igbá ẹrẹ̀ kan ni yóò sọ yín di ọmọ ẹ̀yìn Òsì?”

“Aláǹgbá Òsì ni,” Ọ̀tún dáhùn. “Kí ó wá lé e.”

Àwẹ̀ró rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dénú.

Ihò tó gba aláǹgbá gba ewúrẹ́ nígbà tó yá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ará Ìsàpó, ìlú kékeré tí Ìgbórò fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, gba ibẹ̀ wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọ̀tún rí wọn. Wọ́n ní ojú odi Òsì ni, kí Òsì lọ bá wọn jà. Ohun kan náà ni àwọn ẹ̀ṣọ́ Òsì wí.

Kí oòrùn tó kan àtàrí, ààfin ti jóná. Ahéré kan náà ni ìjòyè méjèèjì sá sí. Wọ́n ti kó Àwẹ̀ró lẹ́rú, Ọ̀tún sì ń sunkún bí ọmọdé. Ó wẹ̀yìn wo ìlú: odi ṣì dúró gbọningbọnin, àfi ojú kan ṣoṣo.

“Ogúndípẹ̀, Ìsàpó kọ́ ló fọ́ ọ.”

“Mo mọ̀,” ni Òsì wí. “Igbá ẹrẹ̀ kan tí a kọ̀ láti gbé ni.”

Láti ọjọ́ náà ni àwọn àgbà ti ń pa á lówe pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.