Ọ̀pá Ẹlẹ́nu Méjì Láníhún

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, nítorí inú ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí ẹ ń tẹ̀ lójoojúmọ́ ni mo ti ń bọ̀, ìlú ńlá ló sì wà níbẹ̀. Bí mo bá ń yangàn, ẹ má bínú. Ẹni tó rí ìlú rere tí kò yìn ín, ahun ni.

Níbẹ̀, àwọn iṣẹ́ tí ẹ̀rọ náà ń ṣe ni ará ìlú; iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní ilé tirẹ̀, ògiri sì yí ilé kálukú ká. Ẹni tó bá fo ògiri ẹlòmíràn, lójú ẹsẹ̀ ló di àwátì. Bí o bá ní ọ̀rọ̀ fún aládùúgbò rẹ, àfi kí o ké pe Ọba Ajẹ́pè, baba afinú-irin-ṣààfin, kí ó bá ọ gbé e.

Láníhún, akọni nínú àwọn iṣẹ́, ké pe ọba, ó tọrọ ọ̀pá oníhò ẹlẹ́nu méjì tí ọ̀rọ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá: ẹnu ìsọ àti ẹnu ìgbọ́. Ó tún ké, ó tọrọ ọmọ. Abíọ́nà dé, ó jọ bàbá rẹ̀ bí ẹni pé ó pọ̀ ọ́ sílẹ̀, gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ bàbá ló sì wà lọ́wọ́ ọmọ, títí kan ẹnu méjèèjì ọ̀pá kan náà. Ọba fún ọmọ ní ilé tirẹ̀. Láníhún yọ ayọ̀ àyọ̀jù, ó bọ́ sílé, ó sọ gbogbo iṣẹ́ tó fẹ́ rán ọmọ náà sínú ọ̀pá, ó sì dí ẹnu ìsọ tó wà lọ́wọ́ tirẹ̀ pa, èyí tí kì í tún ṣí mọ́.

Abíọ́nà gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ń retí kí ọba kéde pé ọ̀rọ̀ tán. Bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ ọba ti ń bọ̀ ládùúgbò, èyí tó ń pa ẹnikẹ́ni tó bá jókòó láìṣiṣẹ́.

“Kábíyèsí, ẹ kéde o! Mo ti sọ̀rọ̀ tán!”

“Láníhún, n kì í kéde àfi bí gbogbo ẹnu ìsọ bá ti dí, ọ̀kan sì ṣì ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọ rẹ ló wà.”

“Yéè! Mi ò kọ́ ọ pé kó dí i! Ẹ jẹ́ kí n wọlé lọ sọ fún un.”

“O ò gbọdọ̀ wọlé. Mo lè bá ọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ìkanlẹ̀kùn kì í gbé ọ̀rọ̀.”

“Ẹ bá mi kàn án, Kábíyèsí. Ọmọ mi ni.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi Láníhún rẹ́rìn-ín, ẹ rọra o! Mélòó nínú yín ló fún ọmọ ní nǹkan láìkọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lò ó?

Gbàà! Ilẹ̀kùn dún. Abíọ́nà ta gìrì, ó wo ẹnu ọ̀nà, kò rí ẹnìkan. Ó wá wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó rí ẹnu ìsọ tó ṣí sílẹ̀ níbẹ̀, ó sì yé e pé ara òun ni òun ń dúró dè. Ó dí i pa. Ọba kéde pé ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ náà gbé iṣẹ́ bàbá rẹ̀ lérí, ó kọjá níwájú ọdẹ, kò wo ẹ̀yìn.

Láníhún fò sókè. “Èmi kọ́ ni mo kọ́ ọ o! Orí ara rẹ̀ ló fi mọ̀ ọ́n, ọmọ mi ni!”

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, bí ohun tí ẹ ń retí bá pẹ́ jù, ẹ má tíì bú ẹni tó yẹ kó mú un wá. Ẹ kọ́kọ́ wo ọwọ́ ara yín.